Ẹ̀wà Pọ̀ ní Kánò, Gbẹ̀gìrì Ń Ṣàn Bí Omi

Ẹ̀yin ará, bí àlejò bá wọ Kánò láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, búkà alámàlà kan wà ní Sabon Gari tí gbogbo wa máa ń júwe fún un. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí n kò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó tó ọdún méjì tí mo ti débẹ̀ kẹ́yìn kí n tó lọ jẹun ọ̀sán níbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo bá.

Tẹ́lẹ̀, àmàlà wọn máa ń dúdú, ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń gbóná débi pé ẹ ó máa fẹ́ ọwọ́. Èyí tí wọ́n gbé fún mi ti ń funfun, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́: wọ́n ti po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu. Láfún kì í ṣe èèwọ̀ o. Àwọn Ẹ̀gbá ń jẹ ẹ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é ní láfún, kí wọ́n sì gba owó láfún.

Ọ̀nà Ṣakí jìn, èlùbọ́ sì ti wọ́n. Ìyẹn yé mi. Gbẹ̀gìrì wá ńkọ́? Ṣebí àríwá níbí ni púpọ̀ nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ nílé ti ń wá? Tiwọn ń ṣàn bí omi, èèpo ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀. Ewédú, òun náà ni àwọn Haúsá ń pè ní ayoyo. Irú, òun ni dawadawa. Méjèèjì wà lọ́jà wa. Síbẹ̀ ewédú yẹn kò yọ̀, kò sì sí òórùn irú níbẹ̀ rárá. Jíjìnnà sílé kọ́ ló fà á, àìfarabalẹ̀ ni.

Ká má purọ́, ṣàkì wọn ṣì rọ̀, wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́. Ọmọ tó gbé oúnjẹ wá kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Àwọn ọmọ wa ló jẹ́ kọ́rọ̀ yìí dùn mí. Ibí la bí ọ̀pọ̀ wọn sí, búkà yẹn ni wọ́n ti mọ oúnjẹ ilé. Bí wọ́n bá rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn, wọn ò ní béèrè rẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn sanwó kí ẹ wá máa kùn lọ́nà. Ẹ pe ìyá olóúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ti sọ tèmi, wọ́n ní àwọn gbọ́. Títí a ó fi rí àyípadà, bí àlejò bá bi mí, ilé mi ni mo máa ní kó ti wá jẹ àmàlà.