Ìgbàgbọ́ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ní Èkó tẹ ìwé kan tí iwin, àǹjọ̀nú àti oògùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tó kọ ọ́, kì í ṣe adáhunṣe. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sẹ́ńtì Áńdérù ní Ọ̀yọ́ ló ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́ ọmọ. Bí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ṣe di ìwé kíkà nìyẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ Bíbélì sórí.

Kò sí ìbéèrè kátíkísìmù nínú rẹ̀. Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, gbé ìbọn, ó wọ igbó lọ. Oògùn rẹ̀ ń jẹ́; Fágúnwà kò sọ pé kì í jẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí agbára oògùn bá mọ, ọdẹ náà á ké pe Ẹlẹ́dàá. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà nìyí: òǹkọ̀wé kò lé ẹbọra jáde kó tó rí àyè fún Ọlọ́run. Ó fi gbogbo wọn sábẹ́ Rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìtàn máa lọ. Nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ Kristẹni kan tí mò ń rí lórí àtẹ lónìí, ẹsẹ Bíbélì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé ìṣirò, tí ìkíní kò bá ìkejì sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí Fágúnwà tọ̀ ti ní aṣáájú. David Hinderer, míṣọ́nnárì tó tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá ní àwọn ọdún 1860: ìtàn arìnrìn-àjò tó ń lọ sí ìlú ọ̀run, tí orúkọ olúkúlùkù tó bá pàdé ti sọ ìwà rẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó: Ìmọ̀dóyè, Olóhùn-iyọ̀. Àmọ́ Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, tí òun náà wà lára wọn, ńkọ́? Bunyan kò lè lá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lálàá.

Nígbà tí Àkàrà-ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Òkè Láńgbòdó, àgbà kan tó ń jẹ́ Ìrágbèje gbà wọ́n lálejò, ó sì ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ méje. Ìwàásù ni, mo gbà, ó sì gùn. Ọmọ tó ń retí iwin mìíràn bí Àgbákò tí ọdẹ náà bá jà nínú igbó á ti máa ṣí iwájú wò, bóyá ó kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ni àgbà náà fi ń wàásù: bó bá kan ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, ọmọ tó bàjẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mú jáde, ìmọ̀ràn á wá tẹ̀ lé e.