Ọgbọ́n Tí A Ń Ná Sára Fóònù

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa; oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Nídìí ọpọ́n ayò ní Ẹ̀gùá, mo gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń kọ́ ara wọn ní VPN, tí í mú kí fóònù dà bí ẹni pé ilẹ̀ òkèèrè ló wà. Bí ọ̀kan bá kọ̀, wọn a dán òmíràn wò. Kò sí ẹni tí í bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá béèrè bóyá ìjọba jàre, èébú dé: “Ẹgbẹ́ wo lo wà?” Èébú kì í tún fóònù ṣe, báwo ni yóò ṣe tún ìlú ṣe? Ọgbọ́n ìdánwò kò wọ́n wa. Ara fóònù nìkan ni a ń ná an sí.