Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ ní Ọjà Ọba: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Hallen àti Ṣódípọ̀

Ẹni tí ó bá wọ yunifásítì láti kọ́ filọ́sọ́fì, ẹ̀ka pàtàkì tí wọn yóò tò sí iwájú rẹ̀ kò ju bíi márùn-ún lọ: ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ó wà, ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀, ẹ̀kọ́ nípa ìwà, ẹ̀kọ́ nípa ẹwà, àti ọgbọ́n àríyànjiyàn tí ó tọ́. Wọn yóò mú un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Plato àti Aristotle ará Gíríìsì, wọn yóò sì tì í dé ọ̀dọ̀ Descartes. Èyí kò burú. Ohun tí ó burú ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí í ṣe ọmọ Adó-Èkìtì lè ka gbogbo rẹ̀ tán láìfura pé ìbéèrè kan náà ni ìyá òun ń dáhùn lójoojúmọ́ lórí àtẹ ní Ọjà Ọba.

Ìwé kan wà tí ó yẹ kí ó la irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú. Ní ọdún 1986 ni Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, àwọn méjì tí wọ́n ti jọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé Knowledge, Belief and Witchcraft jáde. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n jókòó tì. Wọn kò tọ̀ wọ́n lọ bí ẹni tí ń ṣa àṣà àtijọ́ jọ, bí kò ṣe bí ẹlẹgbẹ́ nínú ìrònú. Èyí nìkan tó kí á yìn wọ́n fún. Quine, onímọ̀ Amẹ́ríkà, ti ṣiyèméjì bóyá ìtumọ̀ láti èdè kan sí òmíràn lè dá ṣáká láé. Yorùbá ni àwọn òǹkọ̀wé yìí fi dán iyèméjì náà wò. Wọ́n rí i pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìmọ̀ gbòòrò ju ti Yorùbá lọ: Òyìnbó a máa ní òun mọ ohun tí òun kà nínú ìwé, tàbí tí olùkọ́ sọ. Lójú àwọn oníṣègùn, ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò.

Ọjà Ọba kò ní bá wọn jiyàn lórí èyí. “Ẹ gbà mí gbọ́” ni elépo ń wí fún oníbàárà, lẹ́yìn náà ni yóò ro epo díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́ kí ó tọ́ ọ wò. Oníṣu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni oníbàárà rẹ̀ yóò rù lọ sílé. Ó di inú odó kí ó tó di ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n gbé lé ojú lórí pọ̀ jù. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà àwìn, ìbéèrè tí yóò pàdé ni “Ta ni ó mọ̀ ọ́ níhìn-ín?” Wọn kì í béèrè ẹni tí ó rí i. “Mo máa ń rí i, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n” jẹ́ èsì tí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni, ọjà a sì tìtorí rẹ̀ padà sínú igbá. Mímọ ènìyàn ni mímọ ìwà rẹ̀, ojú kan ṣoṣo kò sì tó fún un. Ní ọdún 2000, Hallen padà sí ibi tí àlàfo yìí wà nínú The Good, the Bad, and the Beautiful, níbi tí ó ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ àti ìṣe tí a kíyè sí lára ènìyàn ni a fi ń mọ ìwà rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀, ti ìwà àti ti ẹwà ti wọ inú ara wọn, tí pípín tí yunifásítì pín wọn sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì di ohun tí ó ń béèrè àlàyé.

Oníṣègùn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó fèsì fún wọn. Elépo àti oníṣu ṣì ń dúró de ẹni tí yóò jókòó ti àwọn náà.