Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàgé: Àyẹ̀wò Ogún Mae West

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ìbáwí àti ìkìlọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. Lórí ìtàgé New York láàárín 1926 sí 1931, Mae West, òṣèré tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé eré, lo àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ohun mìíràn. Ó sọ ọ́ sétí gbogbo òǹwòran, ẹ̀rín wọn sì ni ẹ̀rí pé olúkúlùkù ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀. Sinimá Hollywood ló jẹ́ kí ayé mọ obìnrin yìí, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ló ti dá ẹ̀dá-ìtàn tí sinimá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wá ni ogún rẹ̀ gan-an? Ṣé ìrìn, ohùn àti aṣọ tí àwọn aláfarawé ń gbé kiri ni, àbí àwọn eré tó kọ?

Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní 1893, láti kékeré ló sì ti ń kọrin, tó ń jó lórí ìtàgé. Ní 1926, ó fi orúkọ Jane Mast kọ Sex, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Margy LaMont, aṣẹ́wó ìlú Montreal. Àwọn lámèyítọ́ ìwé ìròyìn bu ẹnu àtẹ́ lu eré náà, síbẹ̀ ìgbà 375 ni wọ́n ṣe é. Ní oṣù Kejì ọdún 1927, ọlọ́pàá kó àwọn òṣèré rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá West lẹ́bi pé ó ń ba ìwà àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, wọ́n bu ìtanràn 500 dọ́là lé e, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọjọ́ 10. Ọjọ́ 8 ló lò níbẹ̀.

Bí a bá yẹ ìhun ìtàn náà wò, ohun tó ń dẹ́rù bani nínú rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Clara Stanton, obìnrin ọlọ́lá, wá ṣe fàájì bòńkẹ́lẹ́ ní Montreal. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yíwọ́, ó ti ẹ̀bi sọ́rùn Margy tó gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Margy pàdé ọmọ Clara láìmọ ẹni tó bí i, ọmọ náà sì fẹ́ fi í ṣe aya. Ìkojú àwọn obìnrin méjèèjì ni ọkàn eré náà, torí Margy fi hàn pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju ti owó lọ. Òǹkọ̀wé kò pa Margy, kò sì sọ ọ́ di ẹlẹ́kún ìrònúpìwàdà. Ó jọ̀wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì bá ọkùnrin tó mọ ìgbésí ayé rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ.

Diamond Lil (1928) gba ọ̀nà mìíràn. Ó gbé ìtàn lọ sí àdúgbò Bowery ní àwọn ọdún 1890, ayé àtijọ́ sì di ìbòjú fún ohun tí òde òní ń fi pamọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Paramount sọ ọ́ di fíìmù She Done Him Wrong ní 1933, orúkọ Lil pàápàá ní láti di Lady Lou. Ní 1934, òfin tó ń darí fíìmù le sí i, àyè West sì túbọ̀ há. A máa ń yin ọgbọ́n tó fi yẹ òfin yìí sílẹ̀. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n ó bo nǹkan mọ́lẹ̀. Margy ń bá àwùjọ rẹ̀ jà, Lil ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa gba òǹsọ̀rọ̀ là, a sì tún máa gba ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí là, nítorí ó lè rẹ́rìn-ín kó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ogún yìí ní àléébù tirẹ̀. Nínú The Drag (1927), tí wọ́n ṣe ní Connecticut àti New Jersey ṣùgbọ́n tí kò dé Broadway, West gbé ìtàn àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin sórí ìtàgé. Dókítà inú eré náà ń wo ìfẹ́ wọn bí àìsàn, ijó àti aṣọ wọn sì di ohun ẹ̀rín. Síbẹ̀, ìparí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Adájọ́ kan ní kí wọ́n sọ pé ọmọ òun tí wọ́n pa ló pa ara rẹ̀, kí ayé má baà mọ irú ẹni tó jẹ́. The Constant Sinner (1931) ni kò ní àwáwí. Òṣèré aláwọ̀ funfun tó kun ojú rẹ̀ ní dúdú ni wọ́n fún ní ipa olólùfẹ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníjó aláwọ̀ dúdú ní Chicago ni West ti kọ́ ijó shimmy tó fi gbayì. Ó gba ijó lọ́wọ́ wọn, kò fún wọn ní ipa.

West kú ní 1980. Ní 2000, Dirty Blonde tí Claudia Shear kọ dé Broadway. Nínú rẹ̀, obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí wọ́n dá nìkan wà pàdé níbi ibojì West, ọkùnrin náà sì jẹ́ ẹni tó ń wọ aṣọ bíi tirẹ̀. Ìwúlò eré Shear ni pé kò fi àfarawé ṣe òpin. Ó ń bèèrè ohun tí ẹni tí àwùjọ ń wò bí àjèjì ń rí gbà nínú aṣọ òṣèré tó ti kú. Ní 1997, Lillian Schlissel kó Sex, The Drag àti Pleasure Man jọ sínú ìwé kan. Ní 2019, Shaw Festival ní Kánádà tún Sex ṣe. Láti ìgbà tí àwọn eré náà ti wà ní títẹ̀, lámèyítọ́ kò ní àwáwí mọ́ láti máa ṣe ìdájọ́ West nípa ìrìn àti ohùn rẹ̀ nìkan. Irun àti aṣọ ni aláfarawé lè jogún. Ìjà Margy pẹ̀lú Clara wà nínú ìwé, ó sì ń fẹ́ òṣèré tí yóò sọ ọ́ ní odindi.