Ihò Tí A Jọ Ń Lò

Oníṣẹ́ abẹ kíndìnrín ni mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wù mí jù ni èyí tí mi ò lè dá ṣe. Jẹjẹrẹ á wà nínú ìfun ńlá ẹnì kan. Wọ́n á ya àwòrán ikùn rẹ̀ láti mọ ibi tó ràn dé, àwòrán á sì tú àṣírí òmíràn tó lúgọ sínú kíndìnrín òsì. Èkíní kọ́ ló bí èkejì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n hù.

Tẹ́lẹ̀, à bá la ikùn láti òkè délẹ̀, tàbí ká ṣe ọ̀kan, kí ara kọ́kọ́ kọ́fẹ ká tó padà fún èkejì. Ọdún 1990 ni Ralph Clayman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis, Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gba ihò kéékèèké yọ kíndìnrín. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ìfun náà fi kọ́ irú rẹ̀. Lónìí, a lè jọ gba àwọn ihò kan náà yọ méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì la fi ń wú ikùn kí àyè lè wà. Ihò kọ̀ọ̀kan kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 5 sí 12 lọ. Kí n tó dá èyíkéyìí lu, èmi àti oníṣẹ́ ìfun á ti jọ fi bírò sàmì sára awọ: ihò tí ọwọ́ ọ̀tún mi bá lò báyìí lè di ti kámẹ́rà rẹ̀ láìpẹ́.

Èmi ni mo máa ń ṣíwájú, torí ìfun kún fún kòkòrò, kíndìnrín kò ní. Kí n tó dé ìdí kíndìnrín òsì, mo gbọ́dọ̀ tú ìfun tó bò ó kúrò lára ògiri ikùn. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ẹnìkejì mi nìyẹn. Yóò kàn bá a nílẹ̀ ni. Bí mo bá tú u dáadáa, ìfun á dẹ̀, orí ìfun méjèèjì tí ẹnìkejì mi fẹ́ so pọ̀ lẹ́yìn tó bá gé ibi tó ní jẹjẹrẹ kò ní fà. Bí mo bá sì ba iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀, ojú ibi tó so lè má jinná.

Dókítà tó kun aláìsàn lóorun ló ni àṣẹ. Afẹ́fẹ́ tí a fi wú ikùn ń ti ẹ̀dọ̀fóró, ó ń ni ọkàn lára. Bí dókítà náà bá ní ó tó, ó tó nìyẹn, iṣẹ́ ìfun á dúró dọjọ́ mìíràn.

Mo mọ àwọn tí ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ, tí iṣẹ́ yìí kò gbà wọ́n: ihò tó bá tiwọn nìkan mu ni wọ́n mọ̀ ọ́n lu.