Rọ́kẹ́ẹ̀tì Olómi Láàárín Òrùlé Páànù

Rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi ni ìgò ike tí a bu omi díẹ̀ sí, tí a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi há mọ́ ibẹ̀ gádígádí, tó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò ti omi jáde sísàlẹ̀, ìgò yóò sì fò lọ sókè. Òfin tó ń gbé e fò ni ìkẹta nínú àwọn òfin ìrìn tí Isaac Newton tẹ̀ jáde ní ọdún 1687, pé ohun tí a bá tì yóò ti ẹni tó tì í padà pẹ̀lú agbára kan náà. Àwọn àlejò nídìí iṣẹ́ yìí a máa fi gíga díwọ̀n ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe lọ ṣánṣán ló ṣòro jù tó sì lẹ́wà jù. Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti ẹsẹ̀ Òkè Màpó dé Bẹyẹrúnká, níbi tí òrùlé páànù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí èkejì, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ṣìnà kò ní ṣàì bọ́ sí àgbàlá onílé.

Ìgboro tó fún oníṣẹ́ láyè díẹ̀ láti ju rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí náà ló fún un ní gbogbo ohun èlò rẹ̀. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò oní-lítà 1.5 ni ó yẹ kí a lò, kì í ṣe ìgò omi lásán, nítorí pé ẹlẹ́rìndòdò ní gáàsì nínú, wọ́n sì ti ṣe ìgò rẹ̀ kó lè fara da afẹ́fẹ́ tó ń wá ọ̀nà àbájáde, nígbà tí ìgò omi fẹ́lẹ́, tí ó sì lè bẹ́. Èdídí, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò, ni a ń gé láti àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó. A ó sì ki fáàfù bọ àárín rẹ̀, èyí tí í ṣe ẹnu kékeré ara túúbù táyà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí kò sì lè gbà jáde mọ́. Túúbù tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́ kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù fọgánáísà.

Omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì lò. Bí a kò bá bu omi sí i rárá, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò tú jáde, afẹ́fẹ́ sì fúyẹ́ jù láti ti ìgò jìnnà. Bí omi bá sì pọ̀ jù, kò ní sí àyè fún afẹ́fẹ́ tí yóò tì í. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò ni ó yẹ kí omi gbà, ó sì dùn mọ́ni pé ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan, tó jẹ́ 50 sẹ̀ǹtílítà, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò lítà 1.5 gan-an, láìsí pé a ń wá ìwọ̀n kiri. Omi yẹn wúwo tó 500 gíráàmù, bẹ́ẹ̀ ìgò fúnra rẹ̀ kì í sábà ju 50 gíráàmù lọ, gbogbo rẹ̀ yóò sì ti tú jáde kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè lọ ṣánṣán, ibi ìdọ́gba rẹ̀, ìyẹn ibi tí a lè fi ìka kan gbé e sí tí kò ní fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí atẹ́gùn ti ń rí i tì jù. Ìdí nìyí tí a fi ń fi amọ̀ díẹ̀ kún orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irin ṣe wà lórí ọfà, tí a sì ń lẹ apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò rọrùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó: a ó so okùn mọ́ ibi ìdọ́gba, a ó sì máa jù ú yípo lórí, bí orí bá ń ṣáájú, ó yè kooro, ṣùgbọ́n bí ìdí bá ń ṣáájú, tàbí tó ń ta gbọ̀ngbọ̀n, amọ̀ kò tó tàbí apá ti kéré jù. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára pàápàá a máa kọ orí sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, nítorí náà pápá ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ́jú ni ibi tó yẹ ẹ́, ní òwúrọ̀ kùtù, kí atẹ́gùn tó dìde.

Gíga rẹ̀ ni a ń fi igun wọ̀n, pẹ̀lú okùn àti òkúta kékeré tí a so mọ́ purotírátọ̀ ọmọléèwé: bí ẹni tó dúró ní mítà 30 sí ibi ìfòsókè bá rí i ní dígíríì 45, mítà 30 náà ni ó ga ju ojú rẹ̀ lọ. Ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ̀mọ, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, tó sì ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60, jẹ́ ibi tó dára láti kọ́kọ́ dán irinṣẹ́ yìí wò, nítorí gíga rẹ̀ kì í yí padà. Irú ẹ̀kọ́ yìí náà ni àjọ tó ń kọ́ni nípa ìmọ̀ òfurufú ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, ń gbé lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Ẹni tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i gbọ́dọ̀ jìnnà, kí ó lo rọ́bà gígùn, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ láé bí èdídí bá kọ̀ tí kò tú. Ìgò tí ara rẹ̀ bá sì ti ń là tàbí tó ń funfun, a kì í tún un lò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, tí omi sì ti tú tán, èéfín funfun kan a máa jáde tẹ̀lé omi ní ẹnu ìgò. Kì í ṣe iná. Afẹ́fẹ́ tó há tẹ́lẹ̀ ló ráyè gbòòrò lójijì, tó sì tutù nítorí bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ fi di kùrukùru, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ tó ń gun òkè lọ sí òfurufú ṣe ń gbòòrò, tó ń tutù, tó sì ń di ìkùukùu òjò lókè Màpó.