Oríkì Ẹsẹ̀ Ère: Sims Nínú Central Park

Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sí ẹsẹ̀ ère ni oríkì ère náà. Ojú yìí ni a fẹ́ fi wo ère idẹ Dókítà J. Marion Sims, èyí tí ó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Central Park ní ìlú New York láti 1934 títí di 2018.

Ferdinand von Miller, ará Jámánì, ni ó rọ ọ́. Bryant Park ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ní 1894, kí wọ́n tó gbé e wá sí òdìkejì ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn. Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ ara òkúta tí ó dúró lé ni a ń bá wí. Ó ní Sims gbé òkìkí iṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ká gbogbo ayé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara ta ni ó ti kọ́ ọ?

Ní Montgomery, ní Alabama, láàárín 1845 sí 1849, ara àwọn ẹrúbìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára wọn láìdáwọ́ dúró nítorí ìrọbí líle ni Sims ti dán ọgbọ́n rẹ̀ wò. Kò fún wọn ní oògùn ìkunnilóorun. Ìgbà 30 ni ó fi abẹ kan Anarcha kí ó tó sàn. Nígbà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì fi í sílẹ̀, àwọn obìnrin yìí náà ni wọ́n ń di ara wọn mú fún un.

A kò lè ní a kò mọ orúkọ wọn. Sims fúnra rẹ̀ dárúkọ Anarcha, Betsey àti Lucy nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1884, àádọ́ta ọdún gbáko kí ère tó dé Central Park. Ìwé sọ ọ́, òkúta dákẹ́. Onírárà tí ń ki ológun a máa dárúkọ àwọn tí ológun borí, ìkà rẹ̀ kì í sì í fara pamọ́ nínú oríkì.

Ní oṣù Kẹrin 2018 ni wọ́n yọ ère náà, kí ó lè lọ sí itẹ́ òkú Green-Wood ní Brooklyn, níbi tí a sin Sims sí. Àwọn kan ní ìtàn ni a pa rẹ́. Ẹ̀rín pa wá: ta ni ó pa orúkọ mẹ́ta rẹ́ fún ọdún 84?

Ní 2021, Michelle Browder fi irin jó ère àwọn obìnrin mẹ́ta náà ní Montgomery. Ìyá ni ó pè wọ́n nínú orúkọ iṣẹ́ náà.